Ìdajì Iyán Àbúrò Mi

Ìdásẹn, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ 1991

Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu àbúrò mi ló ti ń pariwo pé ìyàwó ọmọ òun ń febi pa òun. Ojú mi gbẹ látìgbà tí mo ti sin ìyàwó mi, síbẹ̀ ẹkún tí ìyàwó ọmọ náà ń sun nítorí ẹ̀sùn yìí dùn mí.

Dókítà ní ojú àbúrò mi kò fọ́. Àwọn okùn funfun tó ń gbé ìròyìn kiri inú ọpọlọ ló bàjẹ́, ni kò fi mọ̀ pé ohunkóhun wà lápá òsì òun mọ́.

Lónìí ó jẹ iyán apá ọ̀tún àwo tán, tòsì ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo oúnjẹ bíńtín bíi ti adìyẹ!"

Mo yí àwo náà, iyán tó kù bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀. Ó tún jókòó tì í.

"Ta ló bù sí i?"

"Ìyàwó ọmọ rẹ ni."

Ó ń fojú wá a kiri láti dúpẹ́. Apá òsì rẹ̀ nìyàwó náà dúró sí. Mo fà á wá sí ọ̀tún.