Ajá Tó Ń Sọ fún Mi Kí N Jókòó

Ọjọ́bọ̀, 2 Bélú
Orí mi ṣì ń gbóná. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, níbi tí wọ́n to wàrà sí. Ajá kékeré kan, onírun wúruwùru, jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ọjà bí ìyàwó olóyè. Wọ́n wọ aṣọ pupa fún un, wọ́n kọ “ajá iṣẹ́” sí i, bí àwọn ajá tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́, tí òfin gbà láàyè wọ ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ wo? Ó fò jáde, ó bu Ọ̀gá mi jẹ létí. Ajá iṣẹ́ tèmi ni, Maple ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń pàṣẹ fún mi láti bí ọdún mẹ́rin. Kò gbó, kò bù ú jẹ padà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó kàn ń wò mí.

Obìnrin tó ni ajá yẹn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i, ó máa ń jáyà ni. Òun ló ń fọkàn mi balẹ̀. Ó níwèé o!” Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ra ìwé. Òfin ò mọ ìwé kankan! Ohun méjì péré ni oníṣọ́ọ̀bù lè bi wá: ṣé nítorí àìsàn ni ajá yìí ṣe tẹ̀ lé ọ, iṣẹ́ wo ló sì kọ́? Èmi mọ ìdáhùn tèmi: wárápá ń ṣe mí, ajá yìí máa ń fi imú gbá mi lórúnkún kí wárápá tó gbé mi, kí n lè tètè jókòó sílẹ̀. Máníjà ò bi obìnrin yẹn ní nǹkan kan, ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà á. Èmi tí ajá mi ń ṣẹ̀jẹ̀ ló wá bi.

Àbámẹ́ta, 4 Bélú
Etí ti ń san. Ọkàn ni ò san. Lẹ́nu ọ̀nà ilé oògùn, Ọ̀gá mi fi ikùn lélẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo bẹ ajá níwájú gbogbo ayé. A padà sílé láìra oògùn.

Ajé, 6 Bélú
Kò wọ bọ́ọ̀sì. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ẹtì, 10 Bélú
Oògùn ti tán, mo fipá wọ́ ọ wọ ilé oògùn. Wárápá gbé mi — kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹnu ọ̀nà ni Ọ̀gá mi ń wò, bóyá ajá mìíràn ń bọ̀. Mo lajú lórí táìlì, ètè mi ti ya, ẹ̀wù ẹnì kan wà lábẹ́ orí mi. Mo ti tọ̀ sára. Ọ̀gá mi sá sábẹ́ káńtà, ó ń ké. Ọlọ́run, kí ni kí n ṣe?

Ìṣẹ́gun, 14 Bélú
Gretchen wá, ẹni tó kọ́ Ọ̀gá mi níṣẹ́. Ó mú wa rìn lọ sí iwájú ọjà. Ọmọdé kan sáré kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ọ̀gá mi kùn, ó yọ eyín sí wọn. Gretchen gba okùn lọ́wọ́ mi.
“Lorna, ó parí. Má mú un wọ ibi tí èrò wà mọ́.”
Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, kó fún un láàyè díẹ̀.
“Tó bá wá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ ńkọ́? Ṣé wàá tún sọ pé ó rẹ̀ ẹ́?”
Ajá mìíràn? Ó lè tó ọdún méjì kó tó kàn mí. Inú bí mi sí i débi pé mi ò fún un ní kọfí.

Ọjọ́rú, 15 Bélú
Baba Kọ́kọ́rọ́ — lánlọ́ọ̀dù wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í yéé dún — ti gbọ́. “Ajá iṣẹ́ ni mo gbà sínú ilé yìí, Lorna. Eléyìí ti fẹ̀yìn tì. Ẹran ọ̀sìn ni báyìí, mi ò sì gba ẹran ọ̀sìn.” Mo sáré lọ bá dókítà mi. Ó kọ ọ́ pé ajá ìtùnú ni, pé ó ń fọkàn mi balẹ̀. Òfin ilé tí a háyà gbà bẹ́ẹ̀. Baba Kọ́kọ́rọ́ kùn, kùn, ó gbà. Èmi rèé! Èmi tí mo ti ń bú àwọn alájá ìtùnú láti ọjọ́ yìí! Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe irọ́, mi ò sì ní mú un dé ṣọ́ọ̀bù.

Àìkú, 19 Bélú
Ìjókòó sílé yìí ò bá a lára mu. Bí mo bá ti gbé báàgì, Ọ̀gá mi á fi ẹnu gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, á dúró sídìí ilẹ̀kùn, á máa gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó fẹ́ bá mi lọ. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á máa ké títí mo fi dé. Kò jẹun. Mo gbé aṣọ náà pamọ́, ó ń wá a káàkiri ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó wá fi imú gbá mi lórúnkún, mo jókòó sílẹ̀ kíá. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Òun náà ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìṣẹ́gun, 21 Bélú
Mo pe Odette, tó tọ́ ọ dàgbà lóko rẹ̀ kó tó lọ kọ́ṣẹ́. Bí ajá bá fẹ̀yìn tì, tí a ò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, àwọn tó tọ́ ọ dàgbà la kọ́kọ́ ń fi lọ̀ kí wọ́n gbà á. Mo gé fóònù kó tó gbé e. Mo tún pè é.

Àbámẹ́ta, 25 Bélú
Odette ti wá mú un. Ọ̀gá mi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sáré jáde, ó ń yí gbirigbiri nínú ewé gbígbẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí i tó ṣeré kẹ́yìn — rárá, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odette ní ṣé kí òun máa mú un wá kí mi. Mo ní rárá, tó bá rí mi, iṣẹ́ ló máa rí. Ó fò sínú ọkọ̀. Mo dúró kó bojú wẹ̀yìn wò mí. Kò wò mí. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti jókòó síbí láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo lè dìde.