Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tuntun Ìyálé Mi

Igbein,
Abẹ́òkúta.

Ràhámátù, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹ jáde lọ kí ẹ má wọlé, ilé tí ẹ ń gbé kò ní jò, àwọn tí wọ́n ń sanwó oṣù fún ọ kò sì ní gbàgbé ìgbà tí oṣù parí. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara le, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o. Tíṣà Timothy tí ó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà kò bá mi fọwọ́ kan bírò, ó kàn bá mi wo àmì orí ọ̀rọ̀ ni, ó sì ní kò sí ẹni tí ó lè kọ ìwé gígùn tó tèmi nínú gbogbo wa, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé n kò ní fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù ni ìwọ máa ń ní nẹ́tíwọọ̀kì kò dára. Ìwé kì í ní nẹ́tíwọọ̀kì. Jókòó kí o kà á tán.

Jùbrílù ẹ̀gbọ́n rẹ kó àgbàdo tuntun wá láti oko rẹ̀ ní Òdedá, ó dùn bí oyin, eyín mi sì ṣì ń jẹ ẹ́ dé ìdí ṣùkù. Òjò ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti kàn án padà. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ti ìyálé mi kò tíì bí. N kò sọ nǹkan kan sí i, mo kàn so tèmi mọ́ iwájú yàrá rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìyálé mi náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àfúsá. Mo dárúkọ rẹ̀ láìsọ Ìyá Aishat mọ́ ọn nítorí pé kò mọ̀wé kà, òun ló ní òun kò lè bá wa lọ sí kíláàsì. O mọ̀ pé ó lọ sọ́dọ̀ Aishat ọmọ rẹ̀ ní Èkó nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ebè, kò sì dé títí àgbàdo fi yọ irun. Lọ́jọ́ tí ó dé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rí obìnrin kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ojú rẹ̀ ń dán, àgbọ̀n rẹ̀ rí ṣóńṣó, mo sì bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ta ni ẹ ń wá. Ó ní èmi Àlímátù, ṣé ojú ti ń dùn mí ni. Ohùn ni mo fi dá a mọ̀. Èmi tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí i láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti gbé mi wọlé, n kò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ ni tàbí kí n ní kí ó bá mi gbé àga wá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti pé lé e lórí. Ó ní wọ́n da nǹkan tútù kan tí ó ń yọ̀ sí òun lójú, wọ́n wá ń ti ẹ̀rọ kan lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń rán ohùn tí etí kì í gbọ́ wọ abẹ́ awọ, ohùn ọ̀hún á gbóná níbẹ̀, awọ á sì máa le díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Mo ní àní ẹ̀rọ yẹn náà ni wọ́n fi wo ìyàwó Jùbrílù nígbà tí ó lóyún Mùs'áb, mo sì bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé kí ni wọ́n rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní wọn kò wá nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní tí wọn kò bá wá nǹkan kan, kí wọn má sọ pé wọn kò rí i.

Ó tún ní wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ sí iṣan tí a fi ń jẹun, nítorí pé òun máa ń lọ eyín lójú oorun. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, bí ẹni ń lọ ata ni mo máa ń gbọ́ ọ. Dókítà ní iṣan náà ti tóbi jù, abẹ́rẹ́ ni yóò mú un dẹ̀ kí ó lè sinmi, ojú á sì tín-ín-rín. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ibi tí ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ni ibi tí ó ti sọ pé Ràhámátù tèmi, Ràhámátù tí mo gbé pọ̀n, ni nọ́ọ̀sì tí ó di òun lọ́wọ́ mú, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí òun lójú, tí ó sì ń wí pé màámi ẹ pẹ̀lẹ́, ó ti ń tán lọ. Màámi! Àbẹ̀ní, ta ni màámi? Orúnkún mi ń dùn mí látọdún yìí, ẹni kan kò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kì í ṣe ìlara ni mo ń ṣe o. Bí ó bá sì jẹ́ ìlara náà ni, tèmi ni mo ń jowú lé lórí, n kò jowú ọmọ ọlọ́mọ.

Látìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nílé yìí. Bí a bá ń ṣa ẹ̀wà, ó ní dókítà kò gbà kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀ gìrìgìrì, ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n fi òun sílẹ̀ títí ara fi balẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́ wá, nítorí pé ooru àti abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ máa jà nínú ẹran kan náà, àti pé bí iṣan bá tín-ín-rín, awọ lè rọ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ mú awọ le. Bí a bá ń gbálẹ̀, ó ní wọ́n kọ́kọ́ bi òun ní gbogbo oògùn tí òun ń lò. Bí a bá ń fọṣọ, ó ní wọ́n kìlọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ tẹ ojú tàbí wọ́ ọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí oògùn má baà sáré lọ síbi tí wọn kò rán an, kí ẹnu má lọ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ tàbí doríkodò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní ìjókòó ni òun fi kírun. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè kà á lórí bíi súrà.

Mo bi í pé bí iṣan náà ṣe ń sùn yẹn, kí ni yóò jí i. Ó ní yóò jí fúnra rẹ̀ bí oṣù bíi mélòó kan bá kọjá. Èmi wá rò ó pé ohun tí ó bá ń sùn, ariwo lè jí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pe ìrun àárọ̀ lójú fèrèsé rẹ̀ kí ládánì tó pè é. Kò jí.

Èmi náà gbìyànjú tèmi. N kò ní nǹkan tí ó ń yọ̀ bí tiyín, mo bá lọ ilá, mo fi kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo yí rédíò sókè dé òpin, mo gbé e lé e. Ìròyìn ni wọ́n ń ka. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún gbọ́ ìròyìn, mo fi tòsì gbọ́ ìpolówó ọṣẹ. Nígbà tí mo wo dígí, ojú mi wà bí ó ṣe wà, ìyàwó Jùbrílù ló kàn ń béèrè bóyá mo ti gbé ọbẹ̀ ṣubú. Mo mọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Ohùn tí etí kì í gbọ́ ni wọ́n wí, rédíò tèmi sì ń dún jù.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ pé kí o wá mú mi, nítorí pé ìgbéyàwó Mùs'áb ọmọ Jùbrílù ti sún mọ́lé, n kò sì fẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àfúsá bí ìyá rẹ̀. Ìwọ ní rárá. O ní oògùn tí mo ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lè jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dá ọgbẹ́ dúdú sí mi lójú, n kò sì gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra mi, dókítà ọkàn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àti pé kò sí bí a ṣe lè kó méjèèjì jọ kí ìgbéyàwó tó dé. Lẹ́yìn náà o ní nẹ́tíwọọ̀kì kò dára. Mo sunkún, Àbẹ̀ní. Mo ní ìyálé mi ní àkókò, èmi ni kò ní.

Mo bá gbọ́ pé obìnrin kan wà ní Láfẹ́nwá tí ó ń dirun tí ó tún ń ṣe ojú. Mo lọ. Ó ní kí n jókòó, òun máa ṣe méjèèjì kí àwọn tí wọ́n ń dirun lọ́wọ́ tó tán. Mo ní èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ó ní èyí tó bá wà nítòsí. Mo ní ẹ kò bi mí ní oògùn tí mo ń lò, ó ní ṣé ẹnu ni òun fẹ́ gún mi sí ni. Mo ní bí ẹ bá gún un tán ńkọ́, ó ní òun á fi òróró wọ́ ojú mi dáadáa kí ó lè tàn káàkiri. Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Má rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Mo kàn rí i pé bí ẹnu mi bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Àfúsá ni yóò kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn, ikú yá ju kí ó máa fi ojú dídán yẹn kẹ́dùn lọ. Obìnrin náà ní ìyá yìí, ẹ ti dàgbà jù fún ìbéèrè. Mo ní òun náà kéré jù fún abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. O kò lè wá, ibi iṣẹ́ kò yọ̀ǹda rẹ, nítorí náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi. O mọ̀ pé nílé wa, ìyálé ilé ni í bu omi tútù sí ìyàwó tuntun lẹ́sẹ̀ kí ó tó wọlé. Àfúsá ló bu tèmi. Òun náà ló bu ti ìyàwó Jùbrílù, èmi ìyá ọkọ dúró, mo ń wò. Báyìí, ọmọ ọmọ tèmi ló ń gbéyàwó, òun náà ló tún gbé igbá omi dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ ń tàn ju aṣọ lọ. Èmi wà lórí àga nítorí orúnkún.

Àǹtí ìyàwó ló ṣáájú àwọn tí wọ́n mú un wá láti Ìbafò, wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wo Àfúsá, ó wò mí. Ó wá yọ̀ mọ́ Àfúsá, ó ní àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa gbé omi náà fún màmá kí wọ́n bù ú sí ọmọ wọn lẹ́sẹ̀. Kí a tó mọ̀, ó ti gba igbá, ó ti gbé e lé mi nítan, Ṣọlá ìyàwó tuntun sì ti kúnlẹ̀ síwájú mi.

Gbogbo obìnrin ilé ló wo Àfúsá. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí inú bá ń bí i, kì í sọ̀rọ̀, eyín ló máa ń há pọ̀, iṣan á yọ gòdògbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì, ẹni tó bá rí i á ti sá. Wọ́n wo ibẹ̀. Nǹkan kan kò yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ̀kọ tó ti dì. Wọ́n ní à, ó fara mọ́ ọn, ìyálé ṣe dáadáa. Ni wọ́n bá bú sórin. Mo bu omi sí Ṣọlá lẹ́sẹ̀, Àbẹ̀ní. Mo ṣàdúrà gígùn. Mo tún bu omi sí i lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi ní màmá, ó ti tó, òtútù ń mú mi.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, Àfúsá wá sí yàrá mi. Kò wá rí láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi, ó ń sunkún, ó ní òun há eyín títí, àwọn èèyàn kò rí i. Ó ní wọ́n pe òun ní àbúrò nílé tí òun ti ṣáájú gbogbo ènìyàn wọ̀. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí o sọ ìgbà tí iṣan náà yóò jí, òun kò tún ní ṣe é mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi aṣọ mi nu omijé rẹ̀, mo rọra nù ún, n kò tẹ ojú náà. Mo sì sọ fún un pé ojú náà yẹ ẹ́ púpọ̀, pé bí mo bá ní irú rẹ̀, n kò ní jẹ́ kó tán lára mi láé. Ó gbójú sókè. Ó ní àbí bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, má yọ ara rẹ lẹ́nu nípa tèmi mọ́, awọ mi tó mi. Bí ìyálé mi bá béèrè, sọ òótọ́ fún un pé yóò tán fúnra rẹ̀, má purọ́ fún àgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ṣe òmíràn, má dá a lẹ́kun. Kí dókítà gidi ṣe é fún un, kí wọ́n fi ohùn síbi tó yẹ, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí i nígbà tó yẹ, kí wọ́n má kánjú, kí wọ́n bi í ní gbogbo oògùn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó le, kí ó pẹ́ láyé, kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kí ni mo fẹ́ fi ipò ìyálé ṣe bí kò bá sí ìyálé láti máa wò mí? Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún òróró orúnkún àti fún ìwé kíláàsì tuntun, kí o sì yọ díẹ̀ nínú àpò ara rẹ fún ojú Àfúsá. Má sọ pé èmi ni. Sọ fún un pé ilé ìwòsàn yín ń dín owó kù fún àwọn màmá tó bá padà wá.

Àbúrò Mùs'áb náà yóò gbéyàwó láìpẹ́, gbogbo wa yóò wà níbẹ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ sóde, yóò ṣọ́ ọ wọlé. Ọwọ́ tí o fi ń di àwọn ìyá oníyàá mú kò ní rọ, yóò sì ráyè di tèmi mú. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ ju bí o ti ń tọ́jú mi lọ, nítorí pé ó yẹ kí ó jù ú lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímátù,
màmá tí wọ́n gbé omi fún.