Lẹ́ǹsì Tí Ẹ Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Kwangila,
                                        Zaria,
                                        Ìpínlẹ̀ Kaduna.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ọkọ mi Akọ̀wé ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ o. Bó bá sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́tà yìí bá yín ní Ìlọrin, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ẹ kú ọyẹ́. Tiwa níbí le débi pé ètè gbogbo wa ti bó. Gloria ń kí yín. Hausa ló fi ń bá mi jà báyìí. Ara mi le. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án lánàá tí ẹ̀gbọ́n yín ti fi wá sílẹ̀, mo ṣì ń se oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tiwa.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, pé ẹbí ṣèpàdé ní Ẹ̀gbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, wọ́n sì fẹnu kò pé kí n fi lẹ́ǹsì kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n yín ránṣẹ́ sí yín, nítorí ẹ̀yin ni ọkùnrin tó ń ya fọ́tò nínú ilé. Ẹ ní kí n kọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń gbà. Ẹ kú làákàyè. Òun nìkan ni lẹ́ǹsì tí mo ní, òun ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n yín. Bó bá lọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú.

Àléébù rẹ̀ ló pọ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ. Kò lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú ènìyàn tóbi nínú fọ́tò, ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó fi rìn lọ bá a. Bí ẹ bá fẹ́ ya ogún ènìyàn pọ̀, ẹ ó máa fẹ̀yìn rìn títí ẹ ó fi bọ́ sí gọ́tà. Mo bọ́ sí ọ̀kan níbi ìgbéyàwó kan ní àdúgbò PZ níbí. Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi sì tẹ kámẹ́rà bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Kì í fúnra rẹ̀ wá ojú ènìyàn bíi ti òde òní. Ọwọ́ ni ẹ ó fi máa yí òrùka rẹ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́. Bí ẹ bá ṣí ihò inú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tán pátápátá, tí ọwọ́ yín sì ṣì í díẹ̀, imú ni yóò mọ́, ojú á ṣú. Bí oòrùn bá kọjú sí i, gbogbo fọ́tò á funfun bíi nono, wàrà àwọn Fúlàní. Etí gíláàsì rẹ̀ sì ti ń bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Sànní tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi rí i, ó ní, “Haba, Màmá Gloria! Fóònù mi ní lẹ́ǹsì mẹ́ta, tiyín jẹ́ ẹyọ kan, ó tún ń bu!”

Mo ní, “Ìyàwó mélòó lo ní?”

Ó ní, “Ẹyọ kan.”

Mo ní, “Ó dáa, lọ sọ fún un pé ẹyọ kan ò tó.”

Ibi tó dára sí kò gùn. Bí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó o. Bí ẹ bá dín ihò rẹ̀ kù díẹ̀, ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú ènìyàn. Kì í sọ imú ẹnikẹ́ni di ńlá. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi rí, táìlì ilẹ̀ ló fọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ènìyàn a sì máa yọ́ bí òrí, tí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa á dà bí ọgbà òdòdó.

Ó ku ọ̀kan tí n kò mọ apá ibi tí mo lè kọ ọ́ sí. Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá wa wà láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, torí iṣẹ́ abẹ ojú wọn ní ilé ìwòsàn Shika. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ ìsìnkú, wọn kì í dá mi lóhùn ju “Hẹ̀n-ẹ́n” lọ. Wọ́n gbà pé èmi ni mo fi ọmọ wọn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà ṣí báńdéèjì ojú àkọ́kọ́, Gloria bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà ni èmi dúró sí.

Wọ́n ní, “Kí lo ń ṣe lọ́hùn-ún? Oyèládé kì í dúró síbẹ̀.”

Mo gbé ẹsẹ̀ kan.

“Ṣé ẹ̀rù mi ń bà ọ́ ni?”

“Rárá, Ìyá.”

“Irọ́ lò ń pa. Súnmọ́ mi.”

Mo rìn títí orúnkún mi fi kan tiwọn. Bí mo ṣe ń yí òrùka náà, wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Wọ́n ní, “Bó ṣe máa ń yí i nìyẹn.” Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Mo ní, “Ìyá, dókítà ní ojú yẹn kò gbọdọ̀ tutù.”

Wọ́n ní, “Ṣé dókítà ló bí i ni?”

Èmi náà bú sẹ́kún, ọwọ́ mi sì tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Etí Ìyá ni ó mọ́ jù níbẹ̀, ojú wọn ṣú. Ẹ fi kún àléébù.

Nígbà tí a jẹun tán, mo sọ ti ìpàdé ẹbí fún wọn. Wọ́n ní, “Ìpàdé wo? Ta ló pè é nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì?” N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Akọ̀wé mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà óò ṣe ojú kejì. Ìyá ní kí lẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ mi, pé bí ojú méjèèjì bá ti là, kí ẹni tó fẹ́ ẹ wá gbà á níwájú wọn, kí wọ́n lè wò ó dáadáa.

Ẹ bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹ óò dé, kí n lè fi oúnjẹ yín kún tiwa.

                                        Èmi ìyàwó yín tó fẹ́ràn yín,
                                        Ọmọ́bísí