Ẹni Tí A Kò Pè

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo ní ìrètí pé ara yín le bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àti pé ikọ́ tó ń yọ àbíkẹ́yìn rẹ lẹ́nu ti lọ pátápátá. Bàbá rẹ wà dáadáa, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, tí òun náà sì ń ké tẹ̀lé e. Èmi náà ń bẹ, ọpẹ́ ni.

Lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n yàn láti kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì agbègbè yín bí a ṣe ń yẹ àwọn obìnrin tí ara wọn le wò, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ má baà rí wọn gbé ṣe. O ní kí n sọ fún ọ bí mo ṣe ń mú kíláàsì mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé láti dá ọ lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ló wúwo, mo sì ti ya ìwé mẹ́rin dànù kí n tó kọ èyí.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ẹnu mi ló ń bọ́ mi. Mo máa ń fi orin kọ́ wọn, mo máa ń fi àwàdà kọ́ wọn, mo sì máa ń wá ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní kúrò lọ́kàn wọn. Nígbà kan, èrò pọ̀ jù ní àwọn ilé ìwòsàn wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí gbogbo obìnrin tí a yẹ̀ wò ló ń padà wá gbọ́ èsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò ní nǹkan kan. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ni mo bá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa wí fún wọn pé, "Bí ẹ ò bá gbọ́ wa, àlàáfíà ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kó tó oṣù méjì, ọ̀rọ̀ náà ti wà lára ògiri ní ilé ìwòsàn méje, èrò sì dínkù lóòótọ́. Mo gbéra ga, ọmọ mi. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bẹ iṣẹ́ wò ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn náà, èyí tó fara ti ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, tí èèyàn á máa gbọ́ òòlù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ń wá bírò nínú àpótí tábìlì, ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ni ọwọ́ mi bá ba àpòòwé ńlá kan láti yàrá àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni kò tíì já a. Èsì obìnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàlá kò ní nǹkan kan. Ẹnì kan ní i. Déètì ara rẹ̀ ti pé oṣù mọ́kànlá.

Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó yẹ kó pe obìnrin náà. Akọ̀wé ní nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì ní òun rò pé àwọn ará yàrá àyẹ̀wò máa ń pè wọ́n fúnra wọn. Má bínú sí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọ̀pá kékeré gba nǹkan lẹ́nu ilé-ọmọ, bí a ṣe ń kọ orúkọ sára ìgò, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó má bàjẹ́. Ní ti ẹni tí yóò gbé fóònù nígbà tí èsì bá dé, mi ò lo ìṣẹ́jú márùn-ún lé e lórí. A ti sọ fún obìnrin náà pé bí òun ò bá gbọ́ wa, ara òun le nìyẹn, a sì dákẹ́.

Mátíróònù ibẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìlànà nítorí pé kì í fi òfin ṣeré, lọ ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká kọ déètì òní sí i, bí ẹni pé òní ló dé. Ta ló máa mọ̀? Ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣera wa." Mo fẹ́ kí o rò pé mo jágbe mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣí ìdérí rẹ̀. Mo ro orúkọ mi, mo ro ọdún mélòó tó kù kí n fẹ̀yìn tì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó fi bírò náà sílẹ̀. Ìyá rẹ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà tí obìnrin náà fi sílẹ̀ kò lọ mọ́, nítorí náà mo fẹsẹ̀ rìn wá a lọ. Aránṣọ ni, yóò tó ẹni ọdún méjìlélógójì. Òun, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ birikilà, àti ọmọbìnrin wọn méjì ló ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Iléèwé fẹ́ wọlé, aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nílẹ̀ débi pé mi ò rí ibi fẹsẹ̀ sí. Ó dá mi mọ̀, nítorí èmi ni mo dúró lẹ́yìn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, ẹ ò pè mí, mo ti mọ̀ pé àlàáfíà ni. Mo ti ní kí àwọn oníbàárà mi náà lọ ṣe àyẹ̀wò." Ó ní ẹ̀jẹ̀ kàn ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti bí oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n àgbà ló ń dé. Mo sọ fún un. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó rọra gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó béèrè iye oṣù tí ìwé náà fi wà níbẹ̀. Mo ní mọ́kànlá. Ó ní, "Mọ́kànlá. Mo rán aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi láàárín ìgbà yẹn. Mo jó." Ó wá kó aṣọ kúrò lórí àga kan, ó ní kí n jókòó.

Ká ní a pè é nígbà tí èsì dé ni, wọn ì bá ti mú nǹkan náà kúrò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, ó ti tàn dé ibi tí ọ̀bẹ kò lè lé e bá. Ọkọ rẹ̀ bi mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?" Mo ní èmi ni. Mo dúró kó bú mi. Ó kàn wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́," ó sì lọ ra omi fún ìyàwó rẹ̀. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mi, mo sì fọwọ́ sí i. A tú àpótí àti fáìlì ní ilé ìwòsàn méjèèje. A rí obìnrin mẹ́ta mìíràn tí èsì wọn kò dára tí ẹnikẹ́ni kò pè. A wá wọn kàn, wọ́n ti gba ìtọ́jú, ara wọn ti yá. Àwọn ọ̀gá ní kí n kó àwọn tí mo kọ́ ní àyẹ̀wò yìí ní ilé ìwòsàn méjèèje jọ, kí n tún wọn kọ́. Mo ní mi ò lójú tí màá fi dúró níwájú wọn. Nígbà tí mo lọ wo aránṣọ, tí mo sọ ọ́ fún un, òun ló dá mi lóhùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kó wọn jọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wá sọ ọ́ fún mi bó ṣe yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀."

Àwọn mọ́kàndínlógún ló wá. Ọkọ aránṣọ gbé e wọ kíláàsì, a to ìrọ̀rí mẹ́ta sórí àga fún un. Ó ti rù gan-an, ṣùgbọ́n aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀, ó sì ti dín in kó lè bá a mu. Wọ́n ń jókòó níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ èsì fún un bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dókítà ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé, ó ń da gírámà bolẹ̀. Aránṣọ ní, "Dókítà, èmi àti ta lẹ ń bá wí?" Nọ́ọ̀sì kan bú sẹ́kún kó tó la ẹnu. Aránṣọ na aṣọ ìnujú sí i, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ nujú. Èmi ni mo ń ṣàìsàn o, kì í ṣe ẹ̀yin." A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu wa. Òmíràn ní nǹkan kékeré kan ni wọ́n rí. Aránṣọ ní, "Bó bá kéré, ẹ jẹ́ n padà sídìí iṣẹ́ mi." Òmíràn sọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò dá ọjọ́ kankan fún un, aránṣọ sì ní kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìlànà ló kẹ́yìn. Ó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó ní, "Èsì yín ti dé. Kò rí bí a ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì burú. Nǹkan kan wà lẹ́nu ilé-ọmọ yín tó lè di jẹjẹrẹ bí a bá fi í sílẹ̀. Kò tíì dé ibẹ̀. A máa mú un kúrò, ẹ ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án. Èmi fúnra mi ni màá dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. Bí mi ò bá rí yín, màá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Aránṣọ kò rí nǹkan kan tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó di ọwọ́ mátíróònù mú. Ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tó gbàgbé ibi tí a wà. Ó ní, "Kí ló dé tó fi di ọjọ́ Ẹtì? Mo lè wá lọ́la. Ẹ jẹ́ n wá lọ́la." Mátíróònù wo ojú mi, èmi olùkọ́ wọn, mo sì lọ bá aránṣọ, mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà la sin ín. Ohun tí mo ní fún ọ nìyí, dípò orin. Kí o tó kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ èèyàn wò, bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò lọ sọ èsì fún un, ọjọ́ tí yóò lọ, àti ẹni tí yóò lọ bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá lè lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ipò. Bí wọn ò bá rí orúkọ kọ, kí wọ́n má tíì yẹ ẹnikẹ́ni wò. Kíláàsì rẹ lè má dùn. Kó má dùn.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ lẹ́nu, kó sì fún àwọn tí o fẹ́ kọ́ ní etí. O ò ní fi ọwọ́ rẹ ṣe ohun tí wàá fi ẹkún ròyìn. Ilé rẹ á tòrò, àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní kí o fi oògùn orúnkún ránṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí ọ̀rọ̀ rẹ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àfikún: Mo kọ ọ́ sókè pé obìnrin mẹ́ta la tún rí. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọwọ́ mi ló kọ̀ tí kò kọ ọ́. A ò tíì rí ẹnì kẹrin títí di òní. Onídìrí ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, wọ́n sì ní ìlú yín ló kó lọ. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé pélébé tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Jọ̀ọ́, bá mi wá a. Bí o bá rí i, sọ fún un pé èsì rẹ̀ ti dé.