Ìdí Tí Wọn Kò Fi Gbà Ọ́ sí Báńkì Àpapọ̀

Ilé mi,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Kọ́má, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo ní ìrètí pé ara gbogbo yín le, àti pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́ tí o wá ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Èmi náà wà láàyè. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Báńkì Àpapọ̀ ò kọ̀ ọ́ rí. Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé, tí mo sì fa ìwé náà ya. Mi ò ní fa èyí ya. Jọ̀ọ́, má tíì jù ú nù. Kà á dópin.

O rántí yàrá fáìlì ní iléeṣẹ́ omi, àti tábìlì kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì jọ ń lò, tí a fi ìwé ìròyìn ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ọjọ́ kan náà la wọ iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí girama kan náà ló wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí báńkì ní kí wọ́n yá àwọn ní akọ̀wé kan, ọ̀gá wa, Bàbá Òǹtẹ̀, tí òǹtẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wọn bíi pé wọ́n bí i mọ́ wọn, pàṣẹ pé ká máa gbà á fún ara wa: ẹnì kan ní ọdún yìí, ẹnì kejì ní ọdún tó ń bọ̀. Ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. O ní, "Ìwọ lọ ná, jàre. Báńkì ò ní sá lọ." Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ọdún yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gé owó gbígbó wẹ́wẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ tí kò ní àpò kankan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n gbé mi lọ sókè, sí yàrá lẹ́tà. Lẹ́tà yòówù tó bá wọlé, èmi ni mo ń já a, tí mo ń lu òǹtẹ̀ sí i, tí mo sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Àwọn aládùúgbò ò pe ìyá mi ní Ìyá Akọ̀wé mọ́. Ìyá Báńkà ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n á sì dáhùn kí ènìyàn tó pè wọ́n tán.

Nígbà tó ku oṣù kan kí ọdún pé, lẹ́tà iléeṣẹ́ omi dé. Wọ́n ní kí n padà, kí báńkì máa retí rẹ. Mo lu òǹtẹ̀ sí i, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, mo wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin mi. Mo ní ó di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn ni mo tẹ èsì sórí ìwé báńkì: pé a ti yẹ ìwé ẹ̀rí akọ̀wé kejì wò, kò tó, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún wa. Mo fi í sáàárín ogún lẹ́tà tí ọ̀gá mi ní báńkì fẹ́ fọwọ́ sí. Wọn ò kà á. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wá tíì. Iléeṣẹ́ omi gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì di ti báńkì.

Ìwé ẹ̀rí rẹ ò tó! Ìwọ tí o gba máàkì jù mí lọ nínú ìṣirò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà lẹ́wọ̀n tí kò ní wọ́dà. Mi ò lè sun lẹ́tà méjèèjì tó ti iléeṣẹ́ omi wá, nítorí nọ́ńbà wọn wà nínú ìwé ńlá, àwọn olùyẹ̀wò sì ń wá lọ́dọọdún. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò, wọn kì í ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá sọnù, ọrùn ẹni tó gbà á ló wà. Mi ò lè sọ wọ́n nù, mi ò lè fi wọ́n han ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi mí ṣe igbákejì olórí yàrá lẹ́tà, wọ́n fi mí ṣe olórí. Wọ́n ní kí n lọ ṣe ọ̀gá ní ẹ̀ka báńkì tó wà ní ìlú kejì, mo ní ara ìyá mi ò yá. Wọ́n ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, mo ní mi ò lè wọ bàlúù. Mi ò gba ìsinmi ju ọjọ́ mẹ́ta lọ rí, nítorí ẹni tó bá jókòó sáyè mi á béèrè kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ṣé ó ti bímọ fún yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ìwọ ní tìrẹ, wọ́n gbé ọ lọ sí ibi ìsédò, níbi tí o ti ń kọ bí omi ṣe ga tó sílẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. O bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ṣèdánwò tí o kò yege. Nígbàkígbà tí mo bá bẹ̀ ọ́ wò, wàá ní, "Ìwé ni ò jẹ́ kí wọ́n gbà mí, ọ̀rẹ́. Mà á kà á dandan." Èmi sì ń ra bírò wá fún ọ! Kọ́má, èmi yìí náà!

Ní oṣù tó kọjá o wọ ọ́fíìsì mi, o tẹ́ ìwé ẹ̀rí tuntun sórí tábìlì, ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. O ní, "Ọ̀gá báńkì, wò ó! Wọn ò rí àwáwí mọ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọdún díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì, kí n ṣáà wọ ẹnu ọ̀nà yẹn bí òṣìṣẹ́." Mo dì mọ́ ọ, mo sunkún. O rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fi ìwé tí o fi tọrọ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n so ẹ̀dà èsì irọ́ tí mo tẹ̀ lọ́jọ́sí mọ́ ọn, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan lé e: "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí látijọ́. Ṣé ká gbà á? Kọ èrò rẹ síbí." Bí mo bá kọ "rárá," mo pa ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí mo bá sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni" lásán, wàá wọlé, wàá máa jókòó ní ìtòsí mi, wàá sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí a ó fi fẹ̀yìn tì. Ọpẹ́ yẹn gan-an ni mi ò lè gbà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé ní ogún, òtítọ́ ò tíì yọjú, ẹsẹ̀ ti ń ro èmi tí mò ń sáré. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá nítorí rẹ ni mo fi ń kọ èyí, tàbí nítorí kí n lè rí oorun sùn. Bó bá jẹ́ ti oorun ni, bínú sí mi fún ìyẹn náà.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Kí Olúwa fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti ìlera, kí o jẹ èrè gbogbo ìwé tí o kà. Kí ojú rẹ má ṣe bàìbàì. Kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe pàdé irú mi lẹ́nu iṣẹ́ wọn láéláé.

Èmi ni,
ẹni tí ẹ jọ lo tábìlì kan, tí o ṣì ń pè ní ọ̀rẹ́ kí lẹ́tà yìí tó dé.

Àfikún: Mo ti fi lẹ́tà yìí lé awakọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ yín lọ́wọ́ tán kí n tó rántí pé mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe; mo gbà á padà, mo kọ èyí, mo sì fẹ́ tún dá a padà fún un kíákíá kí ọkàn mi má baà yí. Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ máa ń dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Lọ́la, n ó kó lẹ́tà méjèèjì lé wọn lọ́wọ́ níṣojú akọ̀wé wọn, kí ẹlẹ́rìí lè wà. N ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé yẹn pé èmi ni mo purọ́, pé kí wọ́n gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọn yóò fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe.