Lánlọ́ọ̀dù Ṣubú Láìsí Ariwo

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kejì, 2024

Wọ́n pè mí lónìí. Kì í ṣe orúkọ mi o, "Ọmọ Oǹdó" ni wọ́n pè mí. Àmọ́ wọ́n pè mí.

Láti ìgbà tí mo ti kó dé ilé yìí lẹ́yìn Nọ́ọ̀tì Géètì yunifásítì wa ní Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi àfi ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn nínú yàrá tó kàn mí nígbàkigbà tí iná bá dé. Ariwo. Ẹ̀rín. Ẹnì kan á ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Nírọ̀lẹ́ yìí mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ẹni tó ni yàrá, Bọ̀ọ̀dá Gbémiga, wò mí láti orí àga rẹ̀: "Ṣé orí wa lo ń kà ni? Wọlé."

Géèmù ni wọ́n ń gbá. Jagunjagun kan ṣoṣo, idà kan, ìlú tó ti dahoro, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló sì fẹ́ pa á. Ní géètì kẹta, ọkùnrin gàgàrà kan dúró pẹ̀lú ọ̀pá irin. Lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n ti ń bá a jà, kò sẹ́ni tó tíì borí rẹ̀. Òfin yàrá náà: ẹni tó bá kú á gbé páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù fún ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e. Kò sí àròyé.

Wọ́n gbé e fún mi. Mo kú kí n tó mọ bọ́tìnì tí mo tẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hameedat rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní. "Ọmọ Oǹdó, ó jọ pé ìwọ lo jẹ ẹ́ lówó ilé jù."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ẹtì, 9 Oṣù Kejì

Kí n kọ bí wọ́n ṣe rí.

Bọ̀ọ̀dá Gbémiga: ọdún tó kẹ́yìn ló wà. Nínú ìwé yìí, Alága lorúkọ rẹ̀, nítorí òun nìkan ló ní àga. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá kú, á gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ fún àlejò.

Bísọ́dún: kíláàsì kan náà la wà, a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ rí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Hameedat: ọdún kejì, yàrá rẹ̀ wà ní òdì kejì ti Alága. Mo pè é ní Àǹtí. Ó ní, "Àǹtí ta? Ṣé mo gbé ọmọ pọ̀n ni?" Òun ló máa ń tètè kú jù. Ẹ̀rín rẹ̀ ló ń mú kí àwa yòókù fẹ́ kú.

Gàrí ni gbogbo wa mu lónìí. Alága bù lára èpà tirẹ̀ fún wa. Nígbà tí Lánlọ́ọ̀dù ń lé wa kiri, kò sẹ́ni tó rántí ebi.

Ẹtì, 16 Oṣù Kejì

Alága lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Èmi ló fún ní kọ́kọ́rọ́. "Tí iná bá dé, bá mi fi àtùpà oníbátìrì yẹn sí iná. Ìwọ lo fara balẹ̀ jù nínú wọn."

Mo fara balẹ̀ jù. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn ní gbogbo ọ̀sán.

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kejì

Iná dé. Mo wọlé, mo fi àtùpà sí iná. Ó yẹ kí n jáde.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan géèmù. Mo gbọ́ Hameedat lẹ́yìn ògiri, ó ń lọ ata. Mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n pátápátá.

Mo kú, mo kú, mo kú. Kò sẹ́ni tí mo máa gbé páàdì fún, nítorí náà mi ò sinmi. Kó tó di pé iná lọ, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é.

Àìkú, 18 Oṣù Kejì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo pa Lánlọ́ọ̀dù. Èmi nìkan.

Mi ò ní in lọ́kàn. Irọ́. Mo ní in lọ́kàn láti àná. Ohun tí mo rò ni pé màá kọ́ ọ dáadáa, tó bá di ọ̀la màá pa á lójú wọn, Hameedat á kígbe, Alága á dìde lórí àga. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ̀mí rẹ̀ ti kù díẹ̀, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ó kúnlẹ̀. Géètì ṣí. Nítorí pé mo ti pa ohùn, Lánlọ́ọ̀dù ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn.

Géèmù yìí máa ń tọ́jú ibi téèyàn bá dé fúnra rẹ̀. Kò ṣeé dá padà. Mo pa iná rẹ̀, mo tún tàn án. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibi tí ọkùnrin yẹn máa ń dúró sí ṣófo.

Mo jókòó, mo ń retí kí inú mi dùn. Mo jókòó títí. Kò dùn.

Ajé, 19 Oṣù Kejì

Alága gbé iṣu dé. A sè é, a fi epo jẹ ẹ́. Bísọ́dún sọ pé ní irú ọdún tí oúnjẹ wọ́n yìí, ẹni tó bá rí iṣu jẹ kó pa ẹnu mọ́, káwọn olè má baà gbọ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Alága tan géèmù.

Hameedat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lánlọ́ọ̀dù dà? Àbí ó ti kó jáde ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo kọ́kọ́rọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un. Kò wo èmi. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Bóyá iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ló bà á jẹ́."

Alága ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná yìí ti ba ohun tó ju ìyẹn lọ jẹ́."

Ó bò mí láṣìírí. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kejì

Wọ́n ní ká máa bá a lọ lẹ́yìn géètì. Páàdì dé ọwọ́ mi, mi ò sì kú. Ohun tí mo kọ́ lára Lánlọ́ọ̀dù ni mo fi mọ gbogbo àwọn tó kù. Mo ń gbá a lọ. Bísọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Hameedat yán. Mo fẹ́ gbé páàdì sílẹ̀, àmọ́ òfin ni òfin: mi ò kú. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é, èmi gan-an ò sí níbẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń fọ aṣọ ẹlòmíì.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kejì

Hameedat ò wá.

Ẹtì, 23 Oṣù Kejì

Alága gbéra lọ sílé. Bísọ́dún ló fún ní kọ́kọ́rọ́, lójú mi. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.

Àìkú, 25 Oṣù Kejì, Oǹdó

Àná ni mo dé. Màmá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé mo ti ní ọ̀rẹ́ ní Àkúrẹ́. Àbúrò mi, Adéníkẹ́, ní kí n dárúkọ wọn. Mo dárúkọ wọn bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó yege. Ó gbé fóònù Bàbá wá kí n bá òun gba ibi tó le nínú géèmù tirẹ̀. Mo ní ó rẹ̀ mí. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ń wò ó bóyá ara mi gbóná.

Màmá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún mi. "Fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ."

Ajé, 26 Oṣù Kejì

Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá Hameedat nídìí kànga. Ó yí i wò. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bẹ̀ nìyí àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán?"

 Ó ń fa omi lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ó ní òun wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ó ní òun gbọ́ bí bọ́tìnì ṣe ń dún kó-kó-kó, òun rò pé eku ni. "Ká ní o kan ògiri lásán, ìbáà jẹ́ ojú kan ni mo tíì lé tìróò sí, ǹ bá sáré dé."

Ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Mo sọ pé Màmá ló fi ránṣẹ́; ó ní ti Màmá ni òun gbà.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kejì

Mo sọ ọ́. Lójú gbogbo wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ sí ilẹ̀: pé èmi ni, pé mo pa ohùn, pé mo purọ́ mọ́ iná.

Bísọ́dún ní, "A ti mọ̀. Àbí iná ló gbé idà?"

Alága ní, "Dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Ó gbé páàdì fún mi. Mo rò pé ó ní kí n gbá a. "Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o tẹ̀ ẹ́. A máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì àkọ́kọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ló parẹ́. 

Hameedat bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá jókòó sórí ẹní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ máa kú."

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń dúró de Hameedat kó ṣínu kí a tó tan géèmù.

Adùn rẹ̀ ò tíì padà sẹ́nu mi. Mo máa ń jókòó, mo máa ń gba páàdì tó bá kàn mí, mo máa ń kú. Nígbà mìíràn mo kú lóòótọ́. Mi ò ní kọ nípa ìgbà tó kù.

Lónìí a tún dé ọ̀dọ̀ Lánlọ́ọ̀dù. Ó pa Alága, ó pa Bísọ́dún, ó pa mí. Ó wá kan Hameedat, kò sì kú.  Ẹ̀mí Lánlọ́ọ̀dù kù bí okùn tín-ín-rín. Hameedat ò yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n nígbà tó béèrè: "Ọmọ Oǹdó, apá ibo ló ń gbà yọ? Sọ kíá."

Gbogbo wọn wò mí.

Mo ní, "Mi ò rántí mọ́."

Ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pá bà á. Ó ké, ó dùbúlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó sì ju páàdì sọ́wọ́ Alága: "Ẹ gbà, ẹ lọ kú." Yàrá kún fún ariwo. Bísọ́dún ń lu ilẹ̀. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí.

Irọ́ kejì tí mo pa nínú yàrá yẹn nìyí. Ti àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé ìtìjú ni. Ti òní, mi ò mọ̀ bóyá ńṣe ni mo fi í sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n rí i fúnra wọn, tàbí ńṣe ni mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì pa á.

Èjìká òsì Lánlọ́ọ̀dù máa ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ọ̀pá á gba ọ̀tún yọ. Kò yí i padà rí. Mo rántí dáadáa.