Ohun Tí Mo Ń Fò Lọ́jọ́ Kẹjọ Oṣù Karùn-ún

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin

Ti òní: ilẹ̀ mì, ìlú ńlá kan wó lulẹ̀, iná sì jó èyí tó ṣẹ́kù, ọdún 1906. Ìlà mẹ́rin péré. Olóhùn, ẹni tó máa ń ka ohun tí mo bá kọ, kà á dáadáa lórí rédíò. Ó tilẹ̀ dánu dúró lẹ́yìn "iná" gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi àmì sí i.

Ètò ò tíì parí tán tí akọ̀wé tó ń gba àlejò fi mú lẹ́tà kan wá fún mi. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà bíi ti ẹni tí ìka ò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kò sí orúkọ lábẹ́ ẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń gbọ́ "Ọjọ́ Òní Láyé Àtijọ́". Pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún, a máa ń sọ ti òkè tó bú gbàmù tó pa odidi ìlú. A máa ń sọ ti ogun tó parí. A máa ń sọ ti ọjọ́ tí wọ́n kéde pé ṣànpọ̀nná ti kúrò láyé. "Iná ilé-iṣẹ́ òwú ńkọ́? Àbí àwa ò sí láyé lọ́jọ́ náà ni?"

Mo ká a sí mẹ́rin. Mo tì í bọ inú dúrọ́ọ̀, sábẹ́ àwọn ìwé àkọsílẹ̀. Tíì tí mo gbé dà sí mi lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo kọ ti òní. Mi ò rántí ohun tí mo kọ.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, níwọ̀n bí mi ò ti lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ nípa iná yẹn. Lọ́dọọdún, tí mo bá ti dé ọjọ́ kẹjọ, mo máa ń fò ó. Kò sẹ́ni tó ní kí n fò ó. Èmi tí mo ń wá ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá ní ìlú tí n ò lè dé láéláé — mo ń fo iná tó jó ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé tí wọ́n bí mi sí. Ènìyàn méjìlélógún ló kú. Ọdún kẹrìndínlógójì rèé.

Bàámi ni aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé wa ni pé ọ̀gá wọn rán Bàámi níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí níbẹ̀ nígbà tí iná sọ. Màámi ló máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, títí tó fi kú. Bàámi fúnra ẹ̀ ò sọ ọ́ rí. Ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ojú mi ò sì fọ́. Mo rí i tó wọlé kó tó di ọ̀sán. Kò dé fìlà iṣẹ́ ẹ̀. Ó bu omi, ó ń fọwọ́. Ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ti tán ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a kó kúrò ládùúgbò.

Láti ọjọ́ náà, mi ò bi í ní ìbéèrè kankan tí mo rò pé ìdáhùn ẹ̀ á gùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bàámi jókòó síwájú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀, ó ń fi òwú dúdú gán etí bàtà ẹ̀. Ó máa pé ọgọ́rin ọdún lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kì í pàdánù ètò mi láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibi jíjìn kì í yé e tán. Lọ́dún yẹn tí mo kọ ti àwọn tó rìn lórí òṣùpá, ohun tó bi mí nígbà tí mo délé ni pé ta wá ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lónìí mo ń wò ó látẹ̀yìn, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ti òní: ilé-iṣẹ́ tó ń fi agbára átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná bú, 1986.

Báírò Pupa, ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, wá fúnra ẹ̀; obìnrin ni. Kò béèrè mi, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Aago ló gbà lọ tààrà. (Ọ̀gá Aago ni ọ̀gá wa. Kì í wo ojú ènìyàn tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, aago ara ògiri ló máa ń wò.) Nígbà tó pè mí wọlé, obìnrin náà ti lọ. Ọ̀gá ní, Ìyá Ìtàn (bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn), ṣé o gbọ́ nípa iná ilé-iṣẹ́ òwú rí? Mo ní mo gbọ́ ọ fìrífìrí.

Fìrífìrí. Ẹnu mi ni.

Ó ní ohun tó dáa jù tí ètò wa máa kà lọ́dún yìí nìyẹn. Kí n lọ bá obìnrin náà nílé, kí n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó fún mi ní àdírẹ́sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ — mo dúpẹ́!

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ.

Yàrá kan ni, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ó mọ́ tónítóní. Obìnrin tín-ín-rín, á tó ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ìka ọwọ́ méjèèjì ò ká. Awọ ibẹ̀ ń dán bíi ike tó yọ́. Ó pè mí lọ́mọ mi, ó fún mi ní ìjókòó tó dáa, òun jókòó sórí ibùsùn. Ó ní ohùn mi jọ ti ẹni tí kì í sùn dáadáa.

Ohun tó sọ rèé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní wọ́n ń jí òwú gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ó pàṣẹ pé tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tì í. Iwájú, níbi tí wọ́n to ìdì òwú sí, ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn sáré sẹ́yìn. Wọ́n lu ilẹ̀kùn títí. Òun àti àbúrò òun obìnrin fọ́ fèrèsé kan. Àbúrò òun ló ti òun sókè. Nígbà tí òun yíjú padà láti fà á, kò sọ́wọ́ tí òun lè fà mọ́.

Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn há. Pé aṣọ́nà ò sí níbẹ̀, ọ̀gá ti rán an níṣẹ́.

"Irọ́ ni," ó ní. "Aṣọ́nà yẹn máa ń wúkọ́, ikọ́ gbẹ kan báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì. Etí mi wà lára ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀ lódì kejì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń sáré lọ."

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé mi bí ẹni tó ń kọ ti ìlú òkèèrè. Ikọ́ yẹn ni mo máa ń gbọ́ kí n tó dìde láàárọ̀.

Mi ò sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó sìn mí dé àtẹ̀gùn. Ó gbàdúrà fún mi.

Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ìwé mẹ́fà ni mo ti ya. Iṣẹ́ ìlà márùn-ún! Ibi ilẹ̀kùn ni mo máa ń dé tí n ó dúró.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì" — bí ẹni pé ó ti ara ẹ̀.
"Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn." Wọ́n. Ta ni wọ́n? Ìgbésí ayé mi ni mo ti fi ń sá sábẹ́ "wọ́n" yẹn. Ó gba gbogbo ènìyàn, kò mú ẹnì kankan.

Ọ̀gá Aago béèrè iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó kù díẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ti òní pọ̀ bí nǹkan míì: ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan gbiná lójú gbogbo ènìyàn, 1937, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sá eré máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú tí ò tó mẹ́rin, 1954. Mo délé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàámi ti pa rédíò, kò sì gán bàtà. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní ọ̀la kọ́, ọ̀tunla lọjọ́ kẹjọ. Mo ní mo mọ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń jókòó ti rédíò yìí lọ́jọ́ kẹjọ," Bàámi ní, "tí mò ń retí kí o sọ ọ́. O ò sọ ọ́. Mo rò pé ojú ń tì ọ́ nítorí mi."

Mo ní kì í ṣe ojútì. Mo ní mo fẹ́ bò yín ni. Ó mi orí.

Ó ní òun ti ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí òun tì í. Nígbà tí èéfín yọ, òun sáré dé ẹ̀yìn. Òun gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú. Iná ti ń yọ lókè ilẹ̀kùn, ẹ̀rù sì ba òun.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo di ọwọ́ mọ́ ọn báyìí nígbà náà. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ."

Inú gọ́tà ló sọ kọ́kọ́rọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni ọ̀gá wọn wá sílé wa, ó kọ́ Bàámi àti Màámi ní ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀gá bo Bàámi, Bàámi bo ọ̀gá. Ọ̀gá ti kú láti ọdún méjìlá sẹ́yìn.

Mo sọ fún un pé mo ti rí obìnrin kan tó gbọ́ ikọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó di ojú ẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo ní báwo. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Inú bí mi sí i. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà síbí. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì — ó sì lè jẹun, ó lè sùn, ó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà jẹun. Èmi náà sùn.

Àìkú, ọjọ́ keje

A ò bára wa sọ̀rọ̀, àfi "ẹ kú àárọ̀" àti "oúnjẹ ti wà nílẹ̀".

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti wà níbi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé ìwé náà síwájú Ọ̀gá Aago. Ó kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ìyẹn. Mo sọ fún un. Ojú mi ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ ọ́. Mo rò pé ó máa ní kí n yọ ìlà náà kúrò, tàbí kí n máa lọ sílé. Ó ní Olóhùn ò ní ka èyí. Ó ní, "Ìwọ ni kó o kà á."

Mi ò kàwé lórí afẹ́fẹ́ rí. Mo sọ ti òkè tó bú, 1902. Ogun tó parí, 1945. Ṣànpọ̀nná, 1980. Lẹ́yìn náà:

"Lọ́jọ́ òní, lọ́dún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn, iná jó ilé-iṣẹ́ òwú ìlú yìí. Ènìyàn méjìlélógún kú síbẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló pàṣẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Aṣọ́nà tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó sá lọ. Bàbá mi ni aṣọ́nà náà, òun ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Orin wọlé. Olóhùn gbé omi fún mi. Fóònù ò dákẹ́ títí di ọ̀sán: àwọn kan ń bú wa, àwọn kan ń sunkún, ẹnì kan fẹ́ mọ ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ tó báyìí. Báírò Pupa ò pè.

Nígbà tí mo délé, Bàámi ti wọ bàtà tó gán. Ó ní kí n mú òun lọ bá obìnrin náà. Mo ní ó di ọ̀la.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

A lọ láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàámi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó wúkọ́ kí n tó kan ilẹ̀kùn, obìnrin náà sì ṣí i kí n tó kàn án.

Wọ́n wo ara wọn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ láti ilé, gbogbo ẹ̀ fò lọ. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí a lè wọlé. Kò pè mí lọ́mọ mi mọ́. Kò fún wa lómi.

Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀. Obìnrin náà ní kó dìde, òun ò fẹ́ ìyẹn. Ó ní kó jókòó kó gbọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tí ò ká yẹn kan orúnkún ara ẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí. Ọwọ́ mi ò tíì mọ́ tó.

Mi ò rò pé Bàámi máa lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní orúkọ kejì, ó dáhùn. Ó ní ìyẹn máa ń kọrin wọlé láàárọ̀. Ìkẹta: ó máa ń pe òun ní ọkọ mi, tí gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ìkejìlá: ẹsẹ̀ máa ń dùn ún, òun máa ń bá a di ẹrù ẹ̀ mú. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ nínú wọn. Nígbà tó kan àbúrò obìnrin náà, Bàámi ní ó máa ń bu búrẹ́dì ẹ̀ sí méjì, á fún òun ní èyí tó tóbi. Obìnrin náà ní òun ò mọ ìyẹn. Ó ní kó tún un sọ. Bàámi tún un sọ.

Wọ́n dé orúkọ kejìlélógún. Obìnrin náà ní ó parí.

"Kò parí," Bàámi ní. "Ó ku ẹnì kan. Ọmọbìnrin kan tó kọ́kọ́ wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Orúkọ ẹ̀ ò tíì wọ ìwé òṣìṣẹ́. Ìwé ni wọ́n sì fi ka àwọn tó kú."

Mo wo Bàámi. Kò sọ èyí fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo rò pé kò sọ ọ́ fún Màámi náà.

"Mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó tó dé. Èmi ni mo ṣí i fún un. Mo sì tún tì í."

Obìnrin náà bi í pé kí lorúkọ ẹ̀.

"Mi ò béèrè," Bàámi ní. "Ó ti pẹ́ síṣẹ́. Mo ní kó sáré wọlé."